Sàtífíkéètì Ìmọ́tótó Oúnjẹ ní UK: Èwo Ló Yẹ Alásè, Èwo Ló Yẹ Ọ̀gá Ilé Oúnjẹ?

Bí ẹ bá ń wá iṣẹ́ kíṣìnì ní Lọ́ńdọ̀nù, tàbí ẹ ń di jọ̀lọ́ọ̀fù sínú kúlà fún àwọn olóde ní Woolwich, ìbéèrè kan wà tí ẹ ò ní pẹ́ gbọ́: "Ṣé ẹ ní Level 2?", ìyẹn sàtífíkéètì ìmọ́tótó oúnjẹ fún alásè. Àjẹ́ǹsì á bi yín. Ẹni tó fẹ́ fi gbọ̀ngàn háyà fún yín á bi yín. Ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ náà ṣáájú yín á ní òfin ni, pé bí wolé-wolé káńsù bá dé tí kò bá ìwé náà lára ògiri, ilé oúnjẹ ti di títì nìyẹn. Òfin ò sọ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí òfin ibí sọ ni pé kí gbogbo ẹni tó ń fọwọ́ kan oúnjẹ títà gba ẹ̀kọ́ àti àmójútó tó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu, kí ẹni tó sì ń ṣètò bí ilé oúnjẹ yóò ṣe máa dènà ewu gba ẹ̀kọ́ tó tó ẹrù yẹn. Òfin ò yan ibi tí èèyàn ti gbọ́dọ̀ kọ́ ọ. Ó lè jẹ́ kíláàsì, ó lè jẹ́ orí fóònù, ó lè jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀gá yín nídìí ààrò. Food Standards Agency, àjọ ìjọba lórí ààbò oúnjẹ, tí gbogbo èèyàn ń pè ní FSA, gbà pé ìrírí àtẹ̀yìnwá àti ohun tí èèyàn kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ wà lára ẹ̀kọ́. Ìwé tí ẹ fẹ́ fowó rà yìí kì í ṣe ìwé àṣẹ, nítorí náà ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe ló yẹ kó pinnu irú èyí tí ẹ ó rà.

Ohun tí mo fi wọn àwọn ìwé yìí

Mo kọ́kọ́ wo ojú wolé-wolé. Nígbà tó bá dé, ohun mẹ́ta ló ń wò: bí ẹ ṣe ń ṣe oúnjẹ, bí ilé náà fúnra rẹ̀ ṣe mọ́ tó sì dúró, àti bóyá ọ̀gá mọ ohun tó ń ṣe tó sì ní àkọsílẹ̀ tó fi hàn. Láti inú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni nọ́ńbà ìmọ́tótó yín ti máa jáde, láti 0 dé 5. Ní Wales àti Northern Ireland, ọ̀ranyàn ni kí sítíkà nọ́ńbà náà wà lẹ́nu ọ̀nà. Ní England kì í ṣe ọ̀ranyàn, àmọ́ ẹnikẹ́ni lè wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn áàpù tó ń gbé oúnjẹ délé fún oníbàárà náà sì máa ń wò ó. Scotland ní ètò tirẹ̀, kò lo nọ́ńbà: ẹ yege, tàbí kí wọ́n ní ó kù díẹ̀ káàtó. Nínú gbogbo èyí, ìwé ara ògiri kò lè gbé ju apá kẹta lọ, kò sì lè dá gbé òun náà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni owó àti àkókò. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹni tí ẹ fẹ́ fi ìwé náà hàn, torí ohun tó tó àjẹ́ǹsì lè má tó ilé ìwòsàn tàbí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Èyí tí mo gbé sókè jù ni bóyá ẹ̀kọ́ náà dé ìdí ìkòkò yín. Ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀sì ni àpẹẹrẹ wọn kò kúrò lórí sáńwíìṣì àti bọ́gà. Ẹni tó ń se moínmoín igba (200) ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì nílò ohun mìíràn.

Ẹ̀kọ́ ẹnu iṣẹ́ pẹ̀lú ìwé ọ̀fẹ́ FSA

Èyí ò ná yín ní kọ́bọ̀. FSA ní ìwé kan tó ń jẹ́ Safer Food, Better Business, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní SFBB, ẹ sì lè wà á jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ṣàlàyé bí kòkòrò àrùn ṣe ń ti orí ẹran tútù bọ́ sórí oúnjẹ tó ti jinná, bí a ṣe ń fọ nǹkan kó mọ́, bí a ṣe ń mú oúnjẹ tutù àti bí a ṣe ń sè é jinná. Ó tún ní ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́, níbi tí ẹ ó ti máa fọwọ́ sí i pé ẹ ti yẹ kíṣìnì wò kí ẹ tó ṣí àti kí ẹ tó tì, tí ẹ ó sì kọ ohunkóhun tó bá yíwọ́ lọ́jọ́ náà àti bí ẹ ṣe tún un ṣe.

Lójú tèmi, òun ni àwọn èèyàn wa ń fojú kéré jù. Wọ́n á náwó lórí Level 3, ìwé àwọn ọ̀gá, wọ́n á fi férémù gbé e kọ́, wolé-wolé á dé, á ní kí wọ́n mú àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá wá, ẹnu á wọhò. Ilé oúnjẹ kékeré tó bá ń kọ SFBB rẹ̀ lóòótọ́, tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì lè fẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé ohun tó ń ṣe, sàn lójú wolé-wolé ju ilé tó ní férémù mẹ́rin lọ.

Àléébù rẹ̀ ni pé ohun tí olùkọ́ yín bá mọ̀ lẹ ó mọ̀. Bí ọ̀gá bá jẹ́ ẹni tó ń fi jọ̀lọ́ọ̀fù sílẹ̀ nínú kúlà láti ọ̀sán títí di ìgbà tí òde bá tú, ẹ̀yin náà á gbà pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí ọ̀rọ̀ kúlà díẹ̀. Kòkòrò kan wà tó ń jẹ́ Bacillus cereus, ó wọ́pọ̀ nínú ìrẹsì, hóró rẹ̀ tó le koko kì í sì í kú sínú omi híhó. Bí ìrẹsì bá wà ní ìlọ́wọ́ọ́wọ́ fún wákàtí púpọ̀, hóró yẹn á hù, á máa pọ̀ sí i, á sì tú májèlé tí gbígbé oúnjẹ padà sórí iná ò lè pa. Òfin ní oúnjẹ gbígbóná tí a ń tà kò gbọdọ̀ wálẹ̀ ju 63°C lọ. Bó bá wálẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni àyè wà fún un, kò sì gbọdọ̀ ju wákàtí méjì lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e padà sórí iná kó gbóná dáadáa, ẹ mú un tutù kíákíá, tàbí kí ẹ dà á nù. Kúlà kì í mú oúnjẹ gbóná. Ńṣe ló ń dá ooru tó bá nínú rẹ̀ dúró fún ìgbà díẹ̀, bí oúnjẹ ò bá sì gbóná dáadáa nígbà tó wọlé, kò sí nǹkan tí kúlà fẹ́ dá dúró. Tẹmómítà tí wọ́n ń tì bọ àárín oúnjẹ nìkan ló lè sọ ibi tí nǹkan dé, owó rẹ̀ kì í sì í ju ti kọ́ọ̀sì orí fóònù lọ.

Àléébù kejì: bí ẹ bá kúrò níbi iṣẹ́ náà, ẹ ò ní ìwé tí ẹ ó fi han ẹlòmíràn. Ẹni tó ń wáṣẹ́ kò lè gbé e lọ ibi kankan.

Level 1

Fún àwọn tí kì í fọwọ́ kan oúnjẹ tó wà ní ṣíṣí ni: agbáwo, ẹni tó ń gbé páálí oúnjẹ wọlé, ẹni tó ń fọ àwo. Bí ọ̀gá bá ní òun á sanwó rẹ̀, ẹ ṣe é. Ẹ má fi owó ara yín rà á, torí iye tó wà láàárín rẹ̀ àti Level 2 kò tó nǹkan, Level 2 sì ni gbogbo èèyàn ń béèrè.

Level 2 orí íntánẹ́ẹ̀tì

Owó rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín £10 sí £25, ẹ sì wò ó bóyá VAT ti wà nínú rẹ̀. Wákàtí méjì sí mẹ́ta lẹ ó fi parí rẹ̀, ìdánwò rẹ̀ jẹ́ yíyan ìdáhùn, bí ẹ bá kùnà, ọ̀pọ̀ wọn á jẹ́ kí ẹ tún un ṣe. Ẹ ó tẹ ìwé náà jáde lọ́jọ́ yẹn gan-an. Fún ẹni tí àjẹ́ǹsì pè lónìí pé iṣẹ́ wà lọ́la, kò sí èyí tó yá jù ú lọ.

Ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe yẹpẹrẹ. Ẹ ó kọ́ pé òfin ní fíríìjì kò gbọdọ̀ gbóná ju 8°C lọ, pé àárín ẹran gbọ́dọ̀ dé 70°C kó sì wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì, pé ẹni tó bì tàbí tó ṣu gbuuru kò gbọdọ̀ padà sí kíṣìnì àfi lẹ́yìn wákàtí 48 tí gbogbo rẹ̀ ti dáwọ́ dúró. Ẹ ó sì kọ́ pé a kì í fọ adìẹ tútù. Ibẹ̀ ni ìjà máa ń wà nínú kíṣìnì wa. Ilé tí wọ́n ti tọ́ èmi àti ẹ̀yin dàgbà, adìẹ tí a ò fi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ kò yàtọ̀ sí òkú ẹran. Àmọ́ omi tó ń ta pàrà nínú síǹkì máa ń gbé kòkòrò Campylobacter lọ sórí pátákó, sórí ẹ̀rọ omi, sórí ewébẹ̀ tó wà nítòsí, bẹ́ẹ̀ sì rèé iná nìkan ló ń pa á. Bí òórùn adìẹ bá ń dà yín láàmú, ẹ fi ọsàn àti èròjà pa á lára, ẹ máa gbé e lọ sórí iná láìṣàn án. Mo mọ àwọn àgbà tí wọn ò ní gbà láéláé. Wolé-wolé náà ò ní gbà.

Ibi tí kọ́ọ̀sì orí íntánẹ́ẹ̀tì kù sí ni pé kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó jókòó sídìí fóònù. Ọmọ lè bá ìyá rẹ̀ tẹ ìdáhùn, ìwé á sì jáde lórúkọ ìyá. Àwọn agbanisíṣẹ́ mọ èyí. Ọ̀pọ̀ irú kọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ ló kọ CPD, ìyẹn ẹ̀kọ́ àfikún lẹ́nu iṣẹ́, sára ìwé wọn. CPD kì í ṣe irọ́, àmọ́ kò ní àmì Ofqual, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ìwé-ẹ̀rí ní England. Bí ẹni tó fẹ́ gbà yín sí iṣẹ́ bá ní ìwé tí Ofqual mọ̀ lòun fẹ́, ẹ ti fi owó yín ṣòfò. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó.

Level 2 ojúkojú

Ọjọ́ kan gbáko ni, ìdánwò sì wà lópin rẹ̀ níwájú olùṣọ́. Owó rẹ̀ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi £60, ó sì lè kọjá £100. Àwọn káńsù kan ń kọ́ ọ fúnra wọn, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni tó ń fúnni ní ìwé àwọn àjọ bíi Highfield. Orúkọ ìwé tó bá wà lábẹ́ Ofqual máa ń wà nínú àkọsílẹ̀ Ofqual lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Ní Scotland, ìwé REHIS, àjọ onímọ̀ ìlera àyíká ibẹ̀, ni ẹ ó gbọ́ lẹ́nu gbogbo èèyàn, ìyẹn náà sì jẹ́ ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni ìbéèrè. Ẹ lè nawọ́ sókè, kí ẹ ní: mo ń se ẹ̀wà mọ́jú, báwo ni kí n ṣe mú un tutù? Olùkọ́ gidi á ní kí ẹ tẹ́ ẹ sínú àwo fẹ̀ẹ̀rẹ̀ tí kò jìn, kí ẹ má fi odidi ìkòkò sílẹ̀ lórí ilẹ̀ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́. Ẹ̀rọ fóònù kì í dá irú ìbéèrè yẹn lóhùn. Bí Gẹ̀ẹ́sì kíkà bá ń ni yín lára, ẹ sọ fún olùkọ́ kó tó di ọjọ́ ìdánwò, kí ẹ mọ ìrànlọ́wọ́ tó lè ṣe, torí ọjọ́ tí ẹ bá ti jókòó síwájú ìwé, ó ti pẹ́.

Level 3, àti Level 4 díẹ̀

Level 3 wà fún ẹni tí àwọn mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀. Ojúkojú, ó sábà máa ń gba ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, owó rẹ̀ sì lè ju £250 lọ. Ti orí íntánẹ́ẹ̀tì dín púpọ̀. Ohun tó fi yàtọ̀ sí Level 2 ni HACCP: kí ẹ tọ ipa oúnjẹ láti ìgbà tí ó wọlé títí tí ó fi dé àwo oníbàárà, kí ẹ mọ ibi tí ewu ti lè wọ̀ ọ́, iye tí kò gbọdọ̀ kọjá níbẹ̀, ẹni tí yóò máa wò ó, ohun tí yóò ṣe bó bá kọjá, àti ibi tí yóò kọ ọ́ sí. Ẹ fi súyà ṣe é wò. Ẹran tútù wọlé, wọ́n gé e lórí pátákó, wọ́n fi yájì pa á, wọ́n fi sínú fíríìjì, wọ́n yan án, wọ́n tún dà á sórí pátákó láti rẹ́ ẹ. Bó bá jẹ́ pátákó àkọ́kọ́ ni wọ́n dà á padà sí, gbogbo iná tó là kọjá ti di asán. Alásè tó ní Level 2 á mọ̀ pé kò dáa. Ẹni tó ní Level 3 ló yẹ kó ti ra pátákó méjì tí àwọ̀ wọn yàtọ̀, kó sì máa wò ó pé wọ́n ń lò ó.

Òfin béèrè ẹ̀kọ́ tó tó lọ́wọ́ ẹni tó bá ṣe ètò HACCP ilé oúnjẹ. Àmọ́ FSA ṣe SFBB kí ilé kékeré má baà nílò láti gbé ètò tirẹ̀ kalẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyàwó àti ọkọ tó ní búkà kan ní Peckham kò nílò Level 3 ní dandan. Bí ẹ bá ti ní òṣìṣẹ́ tí ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, tàbí ṣọ́ọ̀bù kejì níbi tí ẹ kì í sí, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ibẹ̀ ni mo ti máa náwó lórí rẹ̀ láìwẹ̀yìn.

Level 4 fún máníjà ilé-iṣẹ́ ńlá àti ẹni tó fẹ́ máa kọ́ àwọn ẹlòmíràn ni. Olóúnjẹ lásán kò nílò rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní ìwé yín "ti kú" lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, àṣà ló ń sọ. Òfin ò fún un ní ọjọ́ ikú. Àmọ́ ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́ ń tẹ̀lé àṣà yẹn, nítorí náà ẹ fi í sọ́kàn.

Ohun tí kò sí ìwé tó ràn án dáadáa: oúnjẹ tí ara ń kọ̀

Èròjà 14 ni òfin ní a gbọ́dọ̀ lè sọ fún oníbàárà bí wọ́n bá wà nínú oúnjẹ. Level 2 máa ń ka orúkọ wọn, ó sì máa ń kọjá lọ. Kíṣìnì Yorùbá kò lè kọjá lọ bẹ́ẹ̀. Edé wà nínú wọn. Ẹja wà nínú wọn, pańla àti èyí tí ẹ lọ̀ mọ́ ata kò sì yọ sílẹ̀. Ẹ̀pà wà nínú wọn, òun ló sì wà nínú yájì súyà. Ìgbín náà wà níbẹ̀, lábẹ́ àwọn ẹran oníkarahun. Ẹ̀gúsí kò sí níbẹ̀, àmọ́ edé tí ẹ fi sè é wà níbẹ̀. Mágì ńkọ́? Ẹ yí páálí rẹ̀ padà kí ẹ kà á, torí seleri, sóyà àti àlìkámà lè wà nínú rẹ̀. Epo tí ẹ fi dín ẹja láàárọ̀, tí ẹ wá fi dín àkàrà lọ́sàn-án, ti sọ àkàrà yẹn di oúnjẹ tó ní ẹja nínú.

Láti 1 October 2021, oúnjẹ tí ẹ bá di sínú ọ̀rá tàbí páálí níbi tí ẹ ti ń tà á, kí oníbàárà tó béèrè fún un, gbọ́dọ̀ ní orúkọ àti gbogbo èròjà rẹ̀ lára, kí àwọn tó wà nínú 14 yẹn sì hàn gbangba ju ìyókù lọ. Ṣin-ṣín orí káúńtà wà lára rẹ̀. Òfin Natasha ni wọ́n ń pè é, nítorí Natasha Ednan-Laperouse, ọmọ ọdún 15 tó kú ní 2016 lẹ́yìn tó jẹ búrẹ́dì tí wọ́n fi yanmọtí sí nínú láìkọ ọ́ sára rẹ̀. FSA ní kọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì ń fúnni ní ìwé-ẹ̀rí. Iye tí ẹ bá ná lórí ìyókù, ẹ má fo èyí.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Ẹni tó ń wáṣẹ́ àjẹ́ǹsì, Level 2 orí íntánẹ́ẹ̀tì, àfi bí àjẹ́ǹsì náà bá dárúkọ Ofqual. Ẹni tó ń lọ sí kíṣìnì ilé ìwòsàn, ilé-ìwé tàbí ilé arúgbó, ẹ lọ jókòó ní kíláàsì, torí àwọn tó ń jẹ oúnjẹ ibẹ̀ kò ní agbára láti fara da àṣìṣe. Máníjà tó ní òṣìṣẹ́ lábẹ́, Level 3, kó sì jẹ́ ojúkojú bí owó bá ká a. Ọ̀gá tó ti ń se oúnjẹ títà ní Ìbàdàn fún ogún ọdún kó tó dé ibí, ìrírí rẹ̀ kì í ṣe asán lójú òfin, àmọ́ kó lọ gba ọjọ́ kan yẹn ní kíláàsì nítorí ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ooru àti àkọsílẹ̀, torí ibẹ̀ ni àṣà ibí ti yàtọ̀ sí tilé.

Bí ẹ bá ń múra láti kọjá sí Amẹ́ríkà, ẹ má gbójú lé ìwé UK. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀ níbẹ̀, káàdì sì jẹ́ òfin lọ́pọ̀ ibi. Ní Kalifọ́níà, alásè tuntun ní ọjọ́ 30 láti gbà á, ọdún mẹ́ta ló ń lò, láti 2024 sì ni ó ti di pé agbanisíṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ sanwó rẹ̀.

Ó wá ku àwọn tó pọ̀ jù láàárín wa: ẹni tó ń sè ní kíṣìnì ilé, tó ń gba oúnjẹ òde lórí WhatsApp. Kí ẹ tó ronú nípa Level kankan, ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ káńsù yín, ó kéré tán ọjọ́ 28 kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, wọn ò sì lè kọ̀ fún yín. Àìforúkọsílẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ lójú òfin, kì í ṣe àìní Level 2. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wa SFBB jáde kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ láti ọjọ́ kìíní, ẹ ṣe kọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ FSA, ẹ wá ra Level 2 orí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó bá fẹ́ rí ìwé. Owó tó bá kù, ẹ fi ra tẹmómítà méjì. Ọ̀kan á dúró nílé, èkejì á máa bá kúlà lọ sí òde.